Kí A Tó Kọjá Sẹ̀mẹ̀: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kó Ti Wà Lẹ́nu Wa

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò, àwọn awakọ̀ àti àwọn òbí tí ọmọ wọn ń lọ kàwé ní Kùtọnu àti Lomé)

Alága ìpàdé wa, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè àwa àti Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ lọ kàwé ní òdìkejì ẹnubodè, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lórí ìdúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ sì kú ìfẹ́ ìmọ̀ tó gbé yín kúrò nídìí ọjà wá síbí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Faransé.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí arìnrìn-àjò kọ́ díẹ̀ nínú èdè ìlú tó ń lọ kó tó gbéra nílé. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, Jámánì ni ọkàn wọn máa ń sáré lọ, tàbí Ṣáínà, tàbí ìlú mìíràn tó jẹ́ pé bàlúù ni a fi ń dé ibẹ̀. Èmi kò ní lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lónìí. Kùtọnu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo fẹ́ kí a lọ, ibi tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 120 lọ sí Èkó, kí a sì tibẹ̀ kọjá sí Lomé nílẹ̀ Tógò. Ìdí tí mo fi mú ọ̀nà yìí ni pé òun ni àwa tí a wà níbí ń rìn jù, òun náà sì ni a ń rìn láìmúra ẹnu sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ ní Jámánì mọ̀ pé wọ́n máa ń béèrè pé kí òun ti gbọ́ díẹ̀ nínú èdè ibẹ̀ kí òun tó rí físà gbà, yóò sì jókòó kọ́ ọ. Ẹni tó ń lọ sí Kùtọnu á kàn gbé báàgì, á ní, "A ó ṣáà gbọ́ ara wa." Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a máa ń gbọ́ ara wa?

Ohun tí ààlà ṣe sí ẹnu wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú ẹni tó bá sọ pé Yorùbá tó o rìn níbẹ̀, nítorí pé apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ẹ ó bá àwọn tó gbọ́ Yorùbá pàdé lọ́jà àti ní mọ́ṣáláṣí. Bí ẹ bá gba apá òkè lọ sí Pọ́bẹ̀, sí Kétu, sí Ṣábẹ, ilé Yorùbá ni ẹ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni àwọn aládùúgbò wọn ń pè wọ́n. Kódà ní Atakpamé nílẹ̀ Tógò, àwọn ènìyàn wa wà níbẹ̀ tí èdè wọn bá tiwa tan.

Kí ló wá pààlà sí wa lẹ́nu? Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi pín ilẹ̀ láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, kò sì sí ọmọ onílẹ̀ kankan tó fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni ọmọ tó wà níhìn-ín ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, tí ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún ń kọ́ Faransé. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ gba òmìnira lóṣù kẹjọ ọdún 1960, tí àwa náà gba tiwa lóṣù kẹwàá ọdún kan náà, èdè tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ ni kálukú wa dì mú.

Ìrìnàjò wa kì í sì í parí sí Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá ti dé Kùtọnu, Fọ̀n ni ẹ ó máa gbọ́ nídìí ọjà, Faransé ni ẹ ó máa gbọ́ ní ọ́fíìsì àti ní ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá la Ouidah àti Grand-Popo kọjá, tí ẹ gba ẹnubodè Hillacondji wọ Aného nílẹ̀ Tógò, èdè Mina àti Éwé ló kù. Níbẹ̀ yẹn, ẹni tó ń fi Yorùbá nìkan rìn, oríire ló ń gbójú lé: bó bá pàdé ẹni tó gbọ́ ọ, ó bọ́, bí kò bá pàdé rẹ̀, á dúró bí odi láàárín ọjà. Àwọn àgbà ti sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi rí i pé àlejò lẹ́nu pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í fi í sọ̀rọ̀.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún wa láàyè láti wọ ìlú ara wa fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ohun ńlá ni àdéhùn náà, ó ṣí ẹnubodè fún ẹsẹ̀ wa. Ẹnu wa ni a kò tíì bá a ṣí. Ní ọdún 1996, ìjọba ológun ilẹ̀ wa kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí a bí lọ́dún náà ti ń di òbí báyìí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè fi Faransé béèrè omi mímu. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà lórí ilẹ̀, láti Bẹ̀nẹ̀ dé Niger dé Chad dé Cameroon, Faransé ń bẹ nínú èdè tí ìjọba wọn ń lò tàbí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ìkíni ló ṣáájú

Ní báyìí, kí ni kí a kọ́? Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí ìyá tó ti pé ọgọ́ta ọdún lọ máa ka gírámà. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ lè kà ni mo ń sọ, mo sì fẹ́ kí a tò wọ́n bó ṣe yẹ, kí a mọ èyí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu.

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, "bonjour" ni. Ẹ ó ní, ta ni kò mọ bonjour? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń lò ó? Ìkánjú Èkó ti bà wá jẹ́. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí kò jẹ́ kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, bó bá dé iwájú ìsọ̀ ní Kùtọnu, á kàn nàka sí ọjà, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tó jẹ́. Ìyá tó ni ìsọ̀ á wò ó lójú, á ní, "Bonjour, madame." Kò dáhùn ìbéèrè o. Ó ń rán an létí pé kò tíì kí òun. Àlejò tí kò mọ̀ á tún béèrè iye owó lẹ́ẹ̀kan sí i, á wá máa sọ nígbà tó bá padà délé pé àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀yàyà. Ta ni kò ṣe ọ̀yàyà nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ẹ kò ní tètè rí nínú ìwé. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ Faransé yóò sọ fún yín pé ìrọ̀lẹ́ ni a ń sọ "bonsoir". Ní Kùtọnu àti ní Lomé, bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí díẹ̀, bonsoir ni ẹ ó máa gbọ́. Bí ẹ bá ń sọ bonjour ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọn yóò gbọ́ yín, wọn kò sì ní bínú, àmọ́ wọn yóò mọ̀ pé inú ìwé ni ẹ ti kọ́ ọ.

Àwọn ará ibẹ̀ náà kò gba Faransé bí wọ́n ṣe gbé e fún wọn. Wọ́n ti fi ìkíni tiwa wọ̀ ọ́ láṣọ. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn yóò ní "bonne arrivée", ẹ káàbọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá bá yín lórí ìjókòó, wọn yóò ní "bonne assise", ẹ kú ìjókòó nìyẹn. Ará Paris tó bá gbọ́ ọ lè yà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó ń kí ènìyàn lórí ìjókòó, lórí ìdúró, lórí iṣẹ́ àti lórí ìsinmi, inú rẹ̀ á dùn pé òun délé. Ohun tí ẹ ó fi dá wọn lóhùn ni "merci", ó tán.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kò ṣòro fún wa. Faransé ní "vous" fún àgbà àti fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, ó ní "tu" fún ọmọdé àti ẹgbẹ́ ẹni. Ẹ àti ìwọ nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ láti kékeré ni èyí máa ń dà láàmú. Àwa ti mu ún mọ́ ọmú. Nítorí náà, ẹ má fi "tu" bá ọlọ́pàá ẹnubodè sọ̀rọ̀, bó ti wù kó kéré lójú tó. "S'il vous plaît" ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, "pardon" ni kí ẹ fi gba àyè kọjá.

Mo mọ ìyá kan tó máa ń kó àdìrẹ lọ sí Dantokpa, ọjà ńlá tó wà létí ọ̀sà ní Kùtọnu, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè ní Tọ́pá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ògbufọ̀ ló ń tẹ̀ lé e kiri. Ọmọkùnrin náà ló ń kí àwọn oníbàárà, òun ló ń bá wọn ṣàwàdà, òun ló ń béèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Ìyá wa á kàn dúró ti ẹrù rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà di ti ọmọkùnrin náà. Ọmọ ìyá yìí tó wà ní ilé ìwé gíga ló fi ìsinmi kan kọ́ ọ ní ìkíni, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń béèrè ilé, bí a ṣe ń dúpẹ́, bí a ṣe ń sọ pé "à bientôt", ó dìgbà díẹ̀. Ìyá náà sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun fúnra òun kọ́kọ́ kí obìnrin tó ń ra ọjà òun jù, obìnrin náà ṣíwọ́ ohun tó ń ṣe, ó fa àpótí jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí òun jókòó. Wọ́n ti ń bá ara wọn tajà tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé, òun kò sì jókòó rí nínú ìsọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ̀yin oníṣòwò, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi dáadáa. Bí ìkíni bá ti yanjú, òǹkà ló kàn. Mo rí àwọn tó kọ́ bí a ṣe ń sọ "Mo nífẹ̀ẹ́ ìlú yín", tí wọn kò lè ka ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ òǹkà kí ẹ tó kọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Owó bébà sẹ́fà tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni ti 500, ti 1,000, ti 2,000, ti 5,000 àti ti 10,000. Ẹ wo 2,000 àti 10,000. "Deux mille" ni a ń pe èkíní, "dix mille" ni a ń pe èkejì. Nínú "dix mille", a kì í pe lẹ́tà tó gbẹ̀yìn "dix". "Dí" lásán ló máa ń jáde. Nínú "deux", fáwẹ̀lì kan wà tí èdè wa kò ní, tí a ń ká ètè jọ láti pè. Etí Yorùbá tí kò tíì mọ̀ ọ́n lára á gbé e sún mọ́ "dí" tàbí "dè". Ṣé ẹ ti rí ibi tí ewu wà?

Ìyá kan lọ ra ankara ní Lomé. Gbogbo yín mọ Lomé mọ́ aṣọ. Láti ìgbà àwọn ìyá alájé tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn, ni àwọn oníṣòwò káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń lọ ra aṣọ níbẹ̀. Ìyá yìí béèrè iye tí ìdì kan jẹ́. Ọlọ́jà ní "dix mille". Ìyá gbọ́ ọ ní "deux mille", ẹgbàá kan, inú rẹ̀ dùn, ó ṣa ìdì márùn-ún, ó dì wọ́n, ó sì fi owó bébà 10,000 kan lé ọlọ́jà lọ́wọ́. Ọlọ́jà gbà á, ó dúró pé kó san ti ìdì mẹ́rin tó kù. Ìyá gbé ẹrù rù ú, ó fẹ́ máa lọ. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́jà di ẹrù mú, ìyá náà di ẹrù mú, èrò pé jọ, èkíní ń pariwo olè ní èdè Mina, èkejì ń pariwo gbájú-ẹ̀ ní Yorùbá. Kò sí olè láàárín wọn, kò sì sí gbájú-ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ló fi ẹ̀rọ ìṣirò kọ iye náà, ó gbé e sí ojú wọn, ariwo sì parí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni ọlọ́jà ń retí; ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ìyá náà fẹ́ san.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan méjì. Èkíní, bí ẹ bá gbọ́ iye owó, ẹ pè é padà fún ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ sì na ìka bó bá ṣeé nà. Èkejì, bí owó bá ti ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ẹ ní kó kọ ọ́: "Écrivez, s'il vous plaît." Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Faransé dénú pàápàá ń ní kí a kọ iye sílẹ̀.

Ẹ̀rù òǹkà Faransé máa ń ba àwọn ènìyàn, pàápàá láti àádọ́rin lọ sókè. Àwọn ọmọ tó gbójú lé òǹkà Gẹ̀ẹ́sì á máa sunkún nítorí "quatre-vingts". Kí ni quatre-vingts? Ogún lọ́nà mẹ́rin ni. Kí sì ni ọgọ́rin? Ogún mẹ́rin náà ni! Àwọn bàbá wa ti fi ogún ka nǹkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí àwọn tó ń sọ Faransé bá fẹ́ sọ àádọ́rùn-ún, wọn a fi ẹ̀wá kún ọgọ́rin, wọn a ní "quatre-vingt-dix". Àwa a yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà jọra. Ẹni tó bá mọ òǹkà Yorùbá dáadáa yóò mọ ti Faransé kíákíá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má jẹ́ kí òǹkà Yorùbá kú lẹ́nu ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí owó, òun ni "monnaie", ìyẹn ṣéńjì. Ṣéńjì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ bó ṣe ṣọ̀wọ́n níhìn-ín. Àwọn ọlọ́kadà Kùtọnu tó ń wọ ẹ̀wù òfééfèé, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, bí ẹ bá na owó ńlá sí wọn, ìjà dé nìyẹn. Kí ẹ tó gùn ún ni kí ẹ ti sọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ ní "C'est combien?", kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún àti tààrà wà lẹ́nu yín pẹ̀lú: "à gauche", "à droite", "tout droit".

Ní ẹnubodè, àti bí ara kò bá yá

Èyí kò ní gùn. Ní ẹnubodè, ìbéèrè wọn kò pọ̀: ibo ni ẹ ń lọ, kí ni ẹ ń lọ ṣe, ọjọ́ mélòó ni ẹ ó lò, ìwé yín dà. "Pièce d'identité" ni ìwé ìdánimọ̀. "Carnet de vaccination" ni káàdì òféèfèé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, "Je vais à Cotonou pour trois jours." Ẹ fi iye ọjọ́ tiyín sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín gidigidi ni "oui, oui". Nígbà tí a kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, tí ojú sì ń tì wá, ṣe ni a máa ń mi orí, tí a ó máa sọ pé oui. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń béèrè bóyá ẹrù tí òfin kà léèwọ̀ wà nínú báàgì yín ni. Ó lè jẹ́ pé apòògùn ń béèrè bóyá ẹ lóyún ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ bí ẹni mọ owó ni "Je ne comprends pas", kò yé mi. Ẹ fi "doucement" tẹ̀ lé e, ẹ ní kí wọ́n rọra sọ ọ́. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ nítorí pé ó sọ pé kò yé òun, àmọ́ mo ti rí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà nítorí pé ó ń tijú.

Bí ara kò bá yá, "Je suis malade" ni kí ẹ sọ. Bó bá jẹ́ ibì kan ló ń dùn yín, ẹ fọwọ́ sí ibẹ̀, kí ẹ ní "J'ai mal ici." Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó mọ̀ pé "la tension" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó mọ "diabète". Ẹ kọ orúkọ oògùn yín sórí ìwé, nítorí orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fi ń ta oògùn níhìn-ín lè máà sí lọ́hùn-ún. Orúkọ oògùn gan-an tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Lóru, kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń ṣí. Èyí tó kàn láti ṣí lóru ọjọ́ náà ni wọ́n ń pè ní "pharmacie de garde", bí ẹ bá sì sọ ọ́ fún ọlọ́kadà, yóò gbé yín débẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bó bá ti mọ orúkọ ohun tó ń béèrè.

Èdè àwọn onílẹ̀

Mo ti ń sọ̀rọ̀ Faransé láti àárọ̀, ṣùgbọ́n èdè àlejò ni Faransé náà níbẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ó sì ṣe iṣẹ́ nílé ìwé. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí ìyá arúgbó tó ń ta àkàsà ní Kùtọnu rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ kí i ní Fọ̀n. Ní òwúrọ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn ni "A fọ́n gánjí à?", pé ṣé ẹ jí dáadáa? Bí wọ́n bá ń kí ẹni tó dé káàbọ̀, ẹ ó gbọ́ "kuabọ̀", etí yín á sì mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń lọ, "o dabọ̀" ni ẹ ó gbọ́. Ó ti pẹ́ tí àwa àti wọn ti ń kí ara wa. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ ní "a wanu". Ní Lomé, "woezọ" ni ẹ káàbọ̀ ní èdè Éwé, "yoo" ni ìdáhùn rẹ̀, "akpe" sì ni ẹ ṣeun. Ẹ fetí sí "kp" tó wà nínú akpe. Ará Yúróòpù á máa fi ahọ́n jà láti pè é. Ìwọ ọmọ Yorùbá tí ò ń sọ "pẹ̀lẹ́" àti "àpò" ń pè é lójoojúmọ́.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde

Níbo wá ni kí a ti kọ́ ọ, nígbà wo sì ni? Nílé ni, kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Ní ọdún 1841, nígbà tí àwọn ọkọ̀ òyìnbó fẹ́ gba odò Ọya gòkè, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ James Schön wà lára àwọn tó wà nínú ọkọ̀, Samuel Àjàyí Crowther tiwa náà sì wà níbẹ̀. Schön ti jókòó ti àwọn Haúsá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown, ó ń kọ́ èdè lẹ́nu wọn. Kò dúró dìgbà tó bá délẹ̀ Haúsá. Àwọn tó ni èdè náà wà nítòsí rẹ̀, ó sì wá wọn lọ.

Àwọn tó ni èdè yìí wà nítòsí tiwa náà. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò pọ̀ ní Èkó àti ní Ògùn. Àwọn ọmọ Ègùn ní Agbádárìgì, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni wọ́n, èdè wọn ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, ó sì sún mọ́ Fọ̀n gan-an. Ó ń dùn mí pé a ń gbé pẹ̀lú wọn, a ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn, a kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí "ẹ káàárọ̀". Ní Àjárá lẹ́bàá Agbádárìgì kan náà ni abúlé èdè Faransé ti orílẹ̀-èdè wa wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti yunifásítì ti ń lọ gbé, kí èdè lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Èyí túmọ̀ sí pé olùkọ́ kò wọ́n wa.

Ẹ má fi ojú kọ́ ọ, etí ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Faransé máa ń kọ lẹ́tà tí kò ní pè. Ẹni tó bá ń kà á bí ẹni ń ka Yorùbá, wọn kò ní gbọ́ ọ. Ẹ ní kí ẹni tó gbọ́ ọ ka ọ̀rọ̀ ogún péré sórí WhatsApp fún yín, kó rọra kà á, kí ẹ máa gbọ́ ọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ẹ sì máa sọ ọ́ sókè tẹ̀ lé e. Ohùn imú tó ń da àwọn ẹlòmíràn láàmú kò lè dà yín láàmú: "bon" wà nínú "ìbọn" tí ẹ ń pè lójoojúmọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ á sọ fún mi pé fóònù ń túmọ̀ èdè báyìí. Òótọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn fún kíka àkọlé àti ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, dátà tí ẹ rà ní Èkó lè dákẹ́. Lẹ́yìn ọ̀kadà, ọwọ́ yín kò sí lọ́fẹ̀ẹ́ láti tẹ nǹkan kan. Ọlọ́jà tí èrò yí ká kò sì ní dúró kí fóònù tó sọ̀rọ̀. Ẹ mú fóònù dání, kí ẹ sì mú ẹnu yín dání.

Ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn ilé ìwé kan wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ọmọ Nàìjíríà nìkan ló sì pọ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ọmọ lè lo gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ láìmọ̀ ju bonjour lọ. Ẹ má gbà fún un. Kó tó lọ, kó lè sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ àdúgbò tó ń gbé àti orúkọ ilé ìwé rẹ̀ ní Faransé. Kó lè sọ pé ara òun kò yá, pé òun ṣìnà, pé kò yé òun. Lẹ́yìn tó bá ti débẹ̀, bí ẹ bá pè é lórí fóònù lópin ọ̀sẹ̀, ẹ bi í léèrè gbólóhùn tuntun tó kọ́, ẹ sì ní kó kọ́ ẹ̀yin náà ní ọ̀kan. Ó dá mi lójú pé inú rẹ̀ á dùn láti jẹ́ olùkọ́ yín, ẹ̀yin pẹ̀lú yóò sì ní ohun tí ẹ ó sọ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ kí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bí alága bá fún wa láàyè, mo ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín.